Bí gbèsè orí fóònù bá ti gba oorun lójú rẹ: ohun tí wàá ṣe

Aago mẹ́fà àárọ̀ kọjá díẹ̀ lọ́jọ́ kan lọ́dún 2021, fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí tábìlì bí adìẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀. Mi ò gbé e. Mo ti mọ̀ pé àwọn ni. Ọjọ́ mẹ́jọ ṣáájú ni mo yá 20,000 náírà lórí áàpù kan torí pé lápútọ́ọ̀pù tí mo fi ń wá oúnjẹ òòjọ́ ti kú. 16,400 ló wọlé sínú àkáǹtì mi, wọ́n ti yọ èlé àti owó iṣẹ́ wọn kó tó dé. Ọjọ́ keje ni kí n dá 20,000 padà. Mi ò rí i dá. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹjọ yẹn ni wọ́n fi fọ́tò mi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù mi, wọ́n kọ "ọ̀daràn, ajẹgbèsè" sábẹ́ rẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ ìyá mi. Ó dé ọ̀dọ̀ onílé mi. Ó tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ bàbá tó ń bá mi tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, tí a ò ti fojú kanra láti ọdún méjì.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ pè. Mo gbé e, mo dákẹ́. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé o ti jẹun?" Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ní, "Èló ni?" Mo ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ni, mà. Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ìyẹn náà lo fi ń sá fún mi láti ọjọ́ yìí?"

Akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ni mí n'Íbàdàn báyìí, ó sì ṣọ̀wọ́n kí oṣù kan kọjá kí ọ̀dọ́ kan má gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi, ojú rẹ̀ á ti pọ́n torí àìsùn. Ohun tó ṣe mí nígbà yẹn náà ló ń ṣe wọ́n. Owó náà kì í sábà tó ẹ̀rù rẹ̀. Ìtìjú ni àwọn ayánilówó yìí fi ń gbowó, àṣírí tí ò ń pa mọ́ ló sì ń fún wọn lágbára. Torí náà, bó o bá ń ka èyí láàárín òru tí o kò rí oorun sùn, bá mi ká lọ, a máa tò ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àwìn kì í ṣe nǹkan tuntun nílẹ̀ wa. Àwọn oníṣòwò aṣọ Ìjẹ̀ṣà máa ń ru aṣọ káàkiri ìlú àti abúlé, wọ́n á tà á láwìn, wọ́n á dá ọjọ́. Bí ọjọ́ bá pé tí owó ò jáde, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ: òṣó ni màá ló títí màá fi gbowó mi. Ibẹ̀ la ti ń pè wọ́n ní Òṣómàáló. Wọ́n le lóòótọ́, àmọ́ ó kéré tán, o rí ojú ẹni tó lóṣòó, òun náà sì rí ojú tìẹ. Ó lè rí i pé ara ọmọ rẹ ò yá, kó ní òun á padà wá lọ́jọ́ ọjà. Áàpù kò rójú ẹnikẹ́ni. Inú àpò rẹ gan-an ló lóṣòó sí, ó sì bá ọ wọlé sùn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: mú ìwé àti bírò

Má kọ ọ́ sórí fóònù. Fóònù yẹn gan-an lò ń sá fún, inú ìwé ni kó o kọ ọ́ sí. Fa ìlà sí i. Kọ orúkọ ayánilówó kọ̀ọ̀kan, iye tó wọlé sí ọ lọ́wọ́ gan-an (kì í ṣe iye tí wọ́n ní àwọn yá ọ), ọjọ́ tó o gbà á, iye tó o ti san, iye tí wọ́n ń bèèrè lónìí. Fi ti ọ̀rẹ́ kún un, fi ti ìyá onírẹsì tó ń tà fún ọ láwìn kún un, fi ti fóònù tí ò ń san díẹ̀díẹ̀ kún un.

Wo bí ìṣirò tèmi ṣe rí. 16,400 ló dé ọwọ́ mi, 20,000 ni màá dá padà. 3,600 lórí owó ọjọ́ méje nìyẹn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó náírà 22 lórí ọgọ́rùn-ún náírà kọ̀ọ̀kan, lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo. Àwọn kan á wá ní kó o san 3,600 yẹn nìkan, àwọn á sún ọjọ́ síwájú ní ọ̀sẹ̀ kan fún ọ. Ó máa ń jọ àánú. Bó o bá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà, o ti san 21,600, gbèsè 20,000 ṣì dúró sójú kan gbagidi. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 41,600. Àwọn bàbá wa ti sọ irú owó èlé báyìí lórúkọ tipẹ́: sogúndogójì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni ogún fi di ogójì.

Bó o bá rí i nínú ìwé rẹ pé ẹ̀ẹ̀kan lo ti yá owó lọ́dọ̀ ayánilówó kan láti fi san ti òmíràn, fa ìlà pupa sábẹ́ ẹ̀. Ibẹ̀ ni ihò wà. Láti òní, o ò gbọ́dọ̀ yá òmíràn fi san án mọ́, kódà bí wọ́n bá ń pariwo. Má sì lọ ta tẹ́tẹ́ kó o lè rí i san. Mo mọ̀ pé ó ń wá sí ọ lọ́kàn, torí ó wá sí èmi náà lọ́kàn. Mi ò tíì rí ẹnì kan tó gbé ìwé rẹ̀ wá bá mi tí tẹ́tẹ́ yọ nínú gbèsè. Àwọn tó tì bọ inú ẹ̀ ni mo rí.

Ọ̀dọ́bìnrin kan wá bá mi lọ́dún tó kọjá, áàpù mẹ́jọ ló jẹ ní gbèsè. Kó tó jókòó, ó ti ní gbogbo rẹ̀ á máa lọ sí ìdajì mílíọ̀nù, pé òun ti bà ayé òun jẹ́. A kọ ọ́ sílẹ̀, a rò ó pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. 187,000 ni. Owó ńlá ni o, àmọ́ ó ní iye, ó ní òpin. Ó wo ìwé náà títí, ó ní kí n jẹ́ kí òun tún un rò lẹ́ẹ̀kẹta.

Ìgbésẹ̀ kejì: sọ ọ́ kí wọ́n tó sọ ọ́

Orí ìgbésẹ̀ yìí ni màá ti pẹ́ jù, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń sá fún.

Ohun tó ń ba ọ lẹ́rù ni pé wọ́n máa sọ fún àwọn èèyàn rẹ. Tó bá jẹ́ pé ìwọ lo ti sọ fún wọn, kí ló kù lọ́wọ́ wọn? Ẹnì kan ni wàá kọ́kọ́ wá: àgbà kan tí kì í tètè pariwo. Ó lè jẹ́ ìyá, ó lè jẹ́ àbúrò bàbá, ó lè jẹ́ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́. Má pè é sórí fóònù bí ẹsẹ̀ rẹ bá lè débẹ̀. Má lọ nígbà tó ń múra ọjà tàbí tí àlejò wà. Kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ bó ṣe yẹ, kó o sì sọ iye owó náà nínú gbólóhùn àkọ́kọ́ tàbí ìkejì: "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́rùn mi. Mo jẹ gbèsè 65,000 lórí fóònù, wọ́n sì lè fi ìwọ̀sí ránṣẹ́ sí yín." Má bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn. Bó o bá ń fa ọ̀rọ̀ gùn, wọ́n á ti rò pé èèyàn lo pa.

Wọ́n lè bínú. Wọ́n lè ní, "Kí lo fi ṣe?" Dáhùn. Bó jẹ́ bàtà lo fi rà, sọ pé bàtà ni. Irọ́ kékeré tó o bá pa níbẹ̀ ló máa jẹ́ kí o tún ní àṣírí tuntun tí wàá máa pa mọ́.

Lẹ́yìn ẹni yẹn, kọ àtẹ̀jíṣẹ́ kúkúrú kan sí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn: ọ̀gá ibi iṣẹ́, onílé, pásítọ̀ tàbí àáfà rẹ, àwọn ẹbí tó sún mọ́ ọ. O lè fi í sórí WhatsApp status pẹ̀lú. O lè lo èyí bó ṣe wà:

"Ẹ kú ojúmọ́ o. Mo jẹ gbèsè owó kan lórí áàpù, mo sì ti ń ṣètò bí màá ṣe san án. Bí ẹ bá rí àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń pè mí ní olè tàbí ọ̀daràn, àwọn ló fi ránṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá wọn lóhùn, ẹ má sì sanwó fún ẹnikẹ́ni lórúkọ mi. Ẹ bá mi ya ojú fóònù yín (sikirinṣọ́ọ̀tì), kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Ẹ ṣé púpọ̀."

O rí i pé kò sí iye owó níbẹ̀. Iye owó kò kan onílé rẹ. Ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ bábà ní Mónìyà gbé irú rẹ̀ sórí status rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Sunday. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì tí àwọn yẹn fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ káàkiri, èsì tí ọ̀gá rẹ̀ fún wọn ni pé, "A ti gbọ́ lánàá. Ẹ kú iṣẹ́." Wọn ò tún kọ̀wé sí ọ̀gá náà mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kó o gbé jù sílẹ̀ níbí. Gbogbo wa la gbọ́ ọ dàgbà pé ikú yá ju ẹ̀sín. Àwọn jagunjagun ló yẹ kó máa sọ bẹ́ẹ̀ lójú ogun. Kò sí ẹni tó yẹ kó sọ ọ́ fún ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún tó jẹ gbèsè 40,000 náírà. Bí àgbà kan bá sọ ọ́ fún ọ nínú ìbínú, fi sílẹ̀ fún un, wá àgbà mìíràn lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: gba kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ padà lọ́wọ́ áàpù

Kó o tó yọ áàpù kúrò, ya ojú rẹ̀ sílẹ̀, ohun tí à ń pè ní sikirinṣọ́ọ̀tì: iye tó o yá, ọjọ́ tó o yá a, ohun tó o ti san, àdéhùn tó o tẹ "mo gbà" sí. Bó o bá yọ ọ́ láìṣe bẹ́ẹ̀, gbèsè ò lọ, ẹ̀rí rẹ ló lọ.

Lẹ́yìn náà, wọ Settings fóònù rẹ, tẹ Apps, wá orúkọ áàpù náà, tẹ Permissions. Ibẹ̀ ni wàá ti rí ohun tó o ti fi sí i lọ́wọ́: nọ́ńbà àwọn èèyàn rẹ, fọ́tò rẹ, àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ, ibi tó o wà. Pa gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí wọ́n ti kó lọ kò ní padà o, ìdí nìyẹn tí ìgbésẹ̀ kejì fi ṣáájú èyí.

Láti ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni Google ti fòfin de àwọn áàpù ayánilówó láti máa wọ inú nọ́ńbà àti fọ́tò àwọn èèyàn. Òfin Google kan náà ni kò fàyè gba áàpù tó ní kéèyàn san gbogbo owó padà láàárín 60 ọjọ́ tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Torí náà, bí áàpù kan bá ń fún ọ ní ọjọ́ méje, tàbí tí wọ́n bá fi líǹkì ránṣẹ́ sí ọ pé kó o gbé e láti ibòmíràn yàtọ̀ sí Play Store, o ti mọ irú ẹni tó ń bá ọ sọ̀rọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: mọ ohun tí wọn ò lè ṣe

Wọn ò lè jù ọ́ sẹ́wọ̀n torí pé o jẹ gbèsè. Òfin àwọn ọlọ́pàá ti ọdún 2020, abala 32, sọ ọ́ kedere pé a kò gbọ́dọ̀ mú ẹnikẹ́ni torí àdéhùn tó yẹ̀ tàbí ẹjọ́ owó lásán. Ilé ẹjọ́ ni ayánilówó ń lọ bó bá fẹ́ gba owó rẹ̀, kì í ṣe àgọ́ ọlọ́pàá. (Ṣẹ́ẹ̀kì tí kò lówó nídìí yàtọ̀, òfin tirẹ̀ wà lọ́tọ̀. Má fi ṣẹ́ẹ̀kì dá ọjọ́ fún ẹnikẹ́ni.) Torí náà, ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ lórí WhatsApp, tó ní àmì ọlọ́pàá lórí, tó ní wọ́n ń bọ̀ wá gbé ọ láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kà á dáadáa. Wàá sábà rí i pé orúkọ ilé ẹjọ́ kò sí níbẹ̀, nọ́ńbà ẹjọ́ kò sí níbẹ̀.

Àjọ FCCPC ló ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn ayánilówó orí fóònù. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, wọ́n kọlu ọ́fíìsì àwọn kan n'Íkẹjà, wọ́n sì ní kí àwọn báńkì ti àkáǹtì àwọn kan pa. Ọdún yẹn náà ni wọ́n gbé ìlànà jáde pé kí gbogbo ayánilówó orí fóònù wá forúkọ sílẹ̀. Ìlànà tuntun tó rọ́pò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù keje ọdún 2025: ìtanràn rẹ̀ lè tó 100 mílíọ̀nù náírà, tàbí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún ilé iṣẹ́ náà lọ́dún, kò sì gbà kí wọ́n máa ti owó sí àkáǹtì ẹni tí kò bèèrè. Orúkọ àwọn tó ti gba ìwé àṣẹ wà lórí ìkànnì FCCPC. Wá orúkọ ayánilówó tìrẹ níbẹ̀. Bí wọ́n bá tú àṣírí rẹ síta, kó àwọn sikirinṣọ́ọ̀tì tí àwọn èèyàn rẹ fi ránṣẹ́ jọ, fi ẹjọ́ sùn FCCPC, kó o sì fi sun àjọ NDPC tó ń ṣọ́ ìpamọ́ ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn lábẹ́ òfin ọdún 2023.

Ẹjọ́ sísùn kò pa gbèsè rẹ́ o. Owó tó o jẹ, o jẹ ẹ́. Ìwọ̀sí ni kò sí nínú àdéhùn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: bí wàá ṣe san án

Oúnjẹ, owó ilé, owó ọkọ̀ tó ń gbé ọ dé ibi iṣẹ́: àwọn yìí ló ṣáájú. Ẹni tí ebi ń pa tún máa yá owó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni. Ká ní agùnbánirọ̀ ni ọ́, tó ò ń gba 77,000 lóṣù. Bó o bá yọ ìwọ̀nyẹn kúrò tó ku 18,000, má ṣe ṣèlérí 25,000 fún ẹnikẹ́ni kí wọ́n lè fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀ lónìí. Ṣèlérí 15,000, kó o sì san án lọ́jọ́ tó o dá.

Èwo ni wàá kọ́kọ́ san? Èyí tó ń yára bímọ jù. Gbèsè ìyá onírẹsì kì í bímọ, bẹ̀ ẹ́, kó o máa fún un díẹ̀díẹ̀ lójúkojú. Ti áàpù ọlọ́jọ́ méje ń bímọ lójoojúmọ́, òun ni kó o kọjú sí. Kọ̀wé sí wọn, lórí í-meèlì tàbí inú áàpù, má fi ẹnu lásán bá aṣojú wọn sọ ọ́. Kọ iye tó wọlé sí ọ, iye tó o ti san, iye tó o lè máa san àti ọjọ́ rẹ̀, kó o sì ní kí wọ́n dá owó ìjìyà tí wọ́n ń fi kún un lójoojúmọ́ dúró. Ọ̀pọ̀ wọn á gbà, torí pé owó díẹ̀díẹ̀ sàn fún wọn ju àìrí rárá. Àkáǹtì tó bá ń jẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ náà nìkan ni kó o sanwó sí. Aṣojú tó bá ní kó o fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì òun kó lè "bá ọ pa á rẹ́" kò ní pa nǹkan kan rẹ́. Àbúrò mi kan san 12,000 bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ kejì ẹlòmíràn pè é pé òun ò rí owó kankan.

Bó bá jẹ́ báńkì lo ti yá owó, ti báńkì tún le lọ́nà mìíràn. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni ètò kan tí wọ́n ń pè ní GSI ti wà: bó o bá jẹ báńkì tí ọjọ́ sì kọjá, wọ́n lè yọ owó àti èlé rẹ̀ nínú àkáǹtì èyíkéyìí tí BVN rẹ wà nídìí rẹ̀, ní báńkì yòówù kó jẹ́. Mo ti rí ẹni tí owó oṣù rẹ̀ wọlé láago mẹ́wàá tí kò sí níbẹ̀ mọ́ láago mẹ́wàá kọjá díẹ̀. Pe báńkì kí ọjọ́ tó pé, kó o ní kí wọ́n tún àdéhùn ṣe. Lẹ́yìn tí ọjọ́ bá ti kọjá, ọ̀rọ̀ á ṣòro yí padà.

Àwọn àgbà ní ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà egbèje. Igi yẹn ti wà nínú kọ̀ǹpútà báyìí. CRC, FirstCentral àti CreditRegistry ni àwọn ilé iṣẹ́ tó ń kọ ìtàn gbèsè wa sílẹ̀ ní Nàìjíríà, báńkì sì máa ń yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó yá èèyàn lówó. Béèrè ìwé tìrẹ lọ́wọ́ wọn, kó o mọ ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ara rẹ náà

Àyà tó ń já ní gbogbo ìgbà tí fóònù bá dún. Orí fífọ́. Oúnjẹ tí kò lọ lọ́nà ọ̀fun. Bíbínú sí àbúrò tí kò ṣẹ̀ ọ́. Gbogbo rẹ̀ ni gbèsè máa ń ṣe, kì í ṣe pé orí rẹ ti dàrú.

Yan wákàtí kan péré lójúmọ́ tí wàá máa fi dá àwọn ayánilówó lóhùn, bí aago mẹ́rin sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ní àkókò tó kù, pa ohùn nọ́ńbà tí o kò mọ̀. Bó bá di alẹ́, gbé fóònù náà sí yàrá mìíràn, tàbí kó o fún ẹni tí ẹ jọ ń gbé. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, abẹ́ àga nínú pálọ̀ ni tèmi máa ń sùn. Má fi ilé ìjọsìn tàbí mọ́sálásí sílẹ̀ torí pé o rò pé gbogbo wọn ló ti rí fọ́tò rẹ. Lọ, jókòó síbi tó o máa ń jókòó sí.

Bí ọkàn rẹ bá ti ń sọ fún ọ pé kó o kúrò láyé, sọ ọ́ fún ẹnì kan lónìí, ní gbólóhùn tí kò ní ìdè: "Mò ń ro àtipa ara mi." Má dá wà lálẹ́ òní. Ní kí ẹni náà tẹ̀ lé ọ lọ sílé ìwòsàn. Aro wà l'Abẹ́òkúta láti ọdún 1954, ilé ìwòsàn ìjọba fún ọpọlọ wà ní Yábàá, UCH n'Íbàdàn náà ní ẹ̀ka tirẹ̀, wọn ò sì ní béèrè pé kí lo fi owó náà ṣe. Ẹgbẹ́ MANI tó ń rí sí ìlera ọpọlọ, àti SURPIN tó ń dènà ìpara-ẹni láti ilé ìwòsàn LUTH l'Ékòó, náà ń bá ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Bí ọ̀rọ̀ bá ti di pàjáwìrì, 112 ni nọ́ńbà.

Bó bá jẹ́ ìwọ ni wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí

Má dá wọn lóhùn. Má gbé e sí gúrúùpù ẹbí. Bí wọ́n bá ní ìwọ ni onídùúró rẹ̀, tí o kò sì tọwọ́ bọ̀wé, ìwọ kọ́. Ya ojú fóònù rẹ, fi ránṣẹ́ sí ẹni náà, kó o sì pè é. O ti mọ ohun tí ìyá mi kọ́kọ́ bi mí. Ó dára láti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: owó tó ń bọ̀

Ìgbà mìíràn á wà tí wàá nílò owó tí o kò ní. Alájọ àdúgbò ń gba ìdáwó ọjọ́ kan lóṣù. Bó o bá ń dá 1,000 lójúmọ́, 1,000 ló máa mú nínú bí 30,000, owó rẹ á sì dúró dè ọ́. Fi ìyẹn wé 3,600 lórí 16,400 lọ́sẹ̀ kan. Nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tiwa, bó o bá ti ń dá owó fún oṣù mẹ́fà, o lè yá ìlọ́po méjì ohun tó o ní, pẹ̀lú onídùúró méjì tí ojú rẹ máa tì bó o bá sá. Mo mọ̀ pé mo ń polówó ọjà mi.

Bó bá jẹ́ owó ilé ẹ̀kọ́ ni, tó o sì wà ní yunifásítì, pólì tàbí ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ tó jẹ́ ti ìjọba, wo NELFUND, ètò tí ìjọba àpapọ̀ fi ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, kó o tó wo áàpù kankan. Oṣù kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n fọwọ́ sí òfin rẹ̀ tuntun, oṣù karùn-ún ni wọ́n ṣí ìkànnì rẹ̀. Kò ní èlé. Wọ́n ń san owó ilé ẹ̀kọ́ tààrà sí ilé ẹ̀kọ́, wọ́n sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní 20,000 lóṣù fún ìgbọ́bùkátà. Ọdún méjì lẹ́yìn àgùnbánirọ̀ ni sísan padà tó bẹ̀rẹ̀. Gbèsè ṣì ni o. Má fi 20,000 yẹn ra fóònù láwìn, pàápàá irú èyí tí wọ́n ń tì pa láti òkèèrè lọ́jọ́ tó o bá pẹ́ san. Mo rí ọmọ kan tí wọ́n ti fóònù rẹ̀ pa láàárọ̀ ọjọ́ tó ní ìdánwò lórí rẹ̀.

Nígbà tó o bá san gbèsè kan tán, má kàn yọ̀ kó o gbàgbé. Kọ̀wé sí wọn lọ́jọ́ náà pé kí wọ́n fún ọ ní ìwé pé o ò jẹ wọ́n mọ́, kí orúkọ rẹ, iye owó àti ọjọ́ wà nínú rẹ̀. Fi risíìtì ìsanwó tó kẹ́yìn tì í. Tó bá di oṣù kejì, béèrè ìwé rẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ ìtàn gbèsè, kó o wò ó bóyá wọ́n ti yọ ọ́. Bí wọn ò bá tíì yọ ọ́, fi ìwé náà ránṣẹ́ sí àwọn àti ayánilówó lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi tèmi ránṣẹ́ lórí í-meèlì tí kò sí èsì. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ní ẹ̀dà méjì, mo gbé e dé ọ́fíìsì wọn, mo sì ní kí ọmọbìnrin tó jókòó síwájú fọwọ́ sí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n yọ ọ́.